Ohun tí àyẹ̀wò akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fi hàn wá kí a tó ra ilé olókùúta àtijọ́ ní Derbyshire

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọrùn ẹni tó fẹ́ ra ilé ni òfin gbé ẹrù wíwádìí ipò ilé náà lé. Ní Scotland, láti ọdún 2008, ẹni tó ń tà ni ó gbọ́dọ̀ pèsè ìwé àyẹ̀wò kí ilé náà tó bọ́ sí ọjà, ṣùgbọ́n ní Derbyshire, agbègbè kan ní àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí èmi àti ìyàwó mi ti ra tiwa, bí olùrà kò bá sanwó fún àyẹ̀wò fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a ṣe é. Mo ń kọ èyí nítorí pé mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ń gbé ní Britain pé báńkì tó fẹ́ yá àwọn lówó ti rán ẹnìkan lọ wo ilé náà, pé nítorí náà àyẹ̀wò ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iye tí ilé náà lè mú wá, bí báńkì bá ní láti gbà á kí ó sì tà á, ni wọ́n rán ẹni náà láti wò. Báńkì ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Ó lè má pẹ́ níbẹ̀. Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ sí ẹni tí yóò dé ẹnu ọ̀nà, nítorí pé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣírò iye náà. Bí òrùlé bá ń jò lé ọ lórí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò sí lára ohun tí wọ́n ní kí ó wádìí.

Ilé tí a rí wà ní abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú kékeré Wirksworth. Ó ti lé ní igba ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ilé kékeré méjì ni tẹ́lẹ̀, tí ìdílé àwọn tó ń wa òjé ń gbé, kí ẹnìkan tó dá ògiri àárín wọn lu tó sì sọ méjèèjì di ọ̀kan. Òkúta ẹfun eléérú ti agbègbè náà ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀. Òkúta oníyanrìn tí wọ́n ń pè ní gritstone ni wọ́n gbẹ́ sí igun ilé, sí orí ilẹ̀kùn àti sí orí fèrèsé. Ilé náà lẹ́wà gan-an, ìyàwó mi sì ti fẹ́ràn rẹ̀ kí a tó wọ inú rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó fẹ́ arẹwà fẹ́ ìyọnu, ọ̀rọ̀ yìí sì ni mo fi dá ara mi lẹ́kun tí n kò fi buwọ́ lu ìwé kankan títí àyẹ̀wò fi dé. Òfin sì fún wa láàyè láti ṣe bẹ́ẹ̀: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí olùtà bá tilẹ̀ ti gba iye tí o dá, kò sí ohun tó de ẹnikẹ́ni nínú yín títí di ọjọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò bá pààrọ̀ ìwé àdéhùn. Àárín ìgbà méjèèjì yìí ni gbogbo ìbéèrè gbọ́dọ̀ ti wáyé.

Ẹgbẹ́ àwọn ayẹléwò tí wọ́n ń pè ní RICS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1868, ní ìpele àyẹ̀wò mẹ́ta. Èkíní kúrú gan-an, ó sì wà fún ilé tí kò tíì pẹ́. Èkejì wà fún ilé tí kò ṣàjèjì tí ipò rẹ̀ sì dára. Ẹ̀kẹta, Level 3, ni ti ilé tó ti dàgbà, ilé tí wọ́n ti tún ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí ilé tí wọn kò fi ohun èlò òde òní kọ́. Ejẹ́ńtì tó ń bá olùtà ta ilé náà ní èkejì ti tó, pé ó yá, pé owó rẹ̀ kò pọ̀. A yan ẹ̀kẹta, a sì san owó tó lé díẹ̀ ní £1,000. Ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò ṣe pàtàkì ju ìpele tí a kọ sí iwájú ìwé lọ. Kí a tó yan ẹnikẹ́ni, mo pe àwọn ayẹléwò mélòó kan lórí fóònù, ìbéèrè kan náà ni mo sì bi gbogbo wọn: bí ẹ bá bá ọ̀rinrin lára ògiri òkúta, kí ni ẹ ó ní kí a ṣe? Àwọn kan dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé kí a pe ilé iṣẹ́ tó ń fa oògùn kẹ́míkà sínú ògiri. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn kò dáhùn rárá. Òun ló bi mí léèrè pé kí ni wọ́n fi dí ojú ìsopọ̀ òkúta, báwo ni ilẹ̀ ìta ṣe ga sí tí a bá fi wé ilẹ̀ inú ilé, ìgbà wo ni wọ́n sì ti da kọnkéré sí ilẹ̀ yàrá. Òun ni a gbé iṣẹ́ fún. Ọkùnrin náà ti ń yẹ ilé òkúta wò ní agbègbè yẹn láti ọjọ́ pípẹ́.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, olùtà náà sì gbà. Ẹnikẹ́ni tó bá lè tọrọ irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, kí ó tọrọ rẹ̀, nítorí pé ohun tí a fi ọwọ́ tọ́ka sí lára ògiri ń yé èèyàn ju ohun tí a kà lọ. Ó sọ fún mi pé òun ti kọ́kọ́ dúró sí òdìkejì ọ̀nà, tí òun fi awò tó ń mú ohun jíjìn súnmọ́ wo òrùlé, tí òun sì yí ilé náà ká léraléra kí òun tó kan ilẹ̀kùn. Lójú tirẹ̀, ìta ni a ti ń mọ ohun tó ń ṣe inú ilé.

Ọ̀rọ̀ ògiri ló gba àkókò jù nínú ìwé rẹ̀, òun náà ló sì kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù. Ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀ kò rí bí ti ilé òde òní, tó ní àlàfo láàárín àti ìpele kan nísàlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi ilẹ̀ gòkè. Ó nípọn tó ìdajì mítà. Ojú òkúta méjì ni wọ́n mọ, ọ̀kan síta, ọ̀kan sínú, tí wọ́n sì fi òkúta wẹ́wẹ́ àti erùpẹ̀ kún àárín wọn. Níbi tí iṣẹ́ náà bá ti dára, òkúta gígùn a máa la ògiri já láti ojú kan dé èkejì kí wọ́n má baà pínyà. Ẹfun sísun ni wọ́n fi so òkúta pọ̀: wọ́n á sun òkúta ẹfun nínú iná ńlá, wọ́n á fi omi pa á, wọ́n á sì pò ó mọ́ yanrìn. Àpòpọ̀ yìí rọ̀ ju òkúta lọ, kì í sì í sé omi mọ́. Bí òjò bá na ògiri, omi á wọ̀ ọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn àti oòrùn bá dé, á gba ojú ìsopọ̀ òkúta jáde padà. Bí ògiri náà ti ṣe ń gbẹ láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ọ́n nìyẹn.

Ní ọdún 1824 ni Joseph Aspdin ti ìlú Leeds gba ìwé àṣẹ lórí sìmẹ́ńtì Portland, nígbà tó sì fi máa di àárín ọ̀rúndún ogún, òun ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà ń lò fún ohun gbogbo, títí kan dídí ojú ìsopọ̀ ògiri àtijọ́. Lára ilé tiwa, wọ́n ti ha ẹfun àtijọ́ kúrò lójú ògiri méjì, wọ́n sì ti fi sìmẹ́ńtì dí i. Sìmẹ́ńtì le ju ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ, kì í sì í jẹ́ kí omi rí ọ̀nà jáde. Omi tó bá gba ibi tó ti sán wọlé á há mọ́lẹ̀. Á wá gba ara òkúta fúnra rẹ̀ jáde. Nígbà òtútù, á di yìnyín nínú òkúta, ojú òkúta á sì máa bó díẹ̀díẹ̀. Ayẹléwò náà fi ọwọ́ mi kan ibi tí sìmẹ́ńtì ti yọ síta ju òkúta lọ, nítorí pé òkúta ti jẹ lọ, sìmẹ́ńtì sì dúró. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàdàn tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti rí irú rẹ̀ rí, lára ilé alámọ̀ tí àwọn ọmọ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ kí ilé bàbá wọn lè dùn ún wò: lẹ́yìn ọdún mélòó kan, sìmẹ́ńtì á sán, òjò á gba ẹ̀yìn rẹ̀, ọjọ́ tó bá sì máa já bọ́, á fa amọ̀ dání. Ẹni tó fi sìmẹ́ńtì sí ilé tiwa náà kò ní èrò ibi. Ó fẹ́ kí ilé rẹ̀ lágbára ni.

Nínú yàrá ìjókòó, ọ̀dà ti ń wú lára ògiri nísàlẹ̀, iyọ̀ funfun sì ti yọ jáde. Olùtà fún wa ní ìwé kan láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ń wo ọ̀rinrin sàn, tí wọ́n ti wá yẹ ògiri náà wò lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì kọ iye owó ńlá tí wọn yóò gbà láti gún ihò yí ilé náà ká, kí wọ́n fi kẹ́míkà sí i, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì tí kì í gbomi rẹ́ inú rẹ̀. Mo bẹ àwọn òǹkàwé mi kí wọ́n fara balẹ̀ ronú lórí àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tí ẹni tó ń ta oògùn fúnra rẹ̀ wá ṣe. Irin iṣẹ́ kékeré tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri láti fi wọn ọ̀rinrin, igi ni wọ́n ṣe ìwọ̀n rẹ̀ fún. Agbára iná mànàmáná tó ń gba inú ohun kọjá ni ó ń kà, bí iyọ̀ bá sì wà nínú ògiri, iye tí yóò kà á ga bí omi ibẹ̀ kò bá tilẹ̀ pọ̀. Ayẹléwò tiwa ní irú irin iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lápò, ṣùgbọ́n ó sọ pé ó kàn ń sọ ibi tó yẹ kí òun túbọ̀ wò ni. Ohun mẹ́ta ni ó rí. Gọ́tà ti jò lókè ibẹ̀ gan-an, omi rẹ̀ sì ti fa ilà aláwọ̀ ewé sára òkúta. Ilẹ̀ ìta ti ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ, nítorí pé láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń da erùpẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé wọ́n ti hú àwọn òkúta pẹlẹbẹ tó wà nílẹ̀ yàrá, wọ́n sì ti da kọnkéré lé ọ̀rá sí ipò wọn. Ọ̀rinrin ilẹ̀ tí ń gba àárín òkúta wọ̀nyẹn jáde jẹ́ẹ́jẹ́ kò rí ọ̀nà mọ́, ó sì darí sí ìdí ògiri. Kò sí èyí tí kẹ́míkà lè wò sàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gọ́tà kò ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ.

Ohun tó dẹ́rù bà mí jù ni ògiri ìpẹ̀kun ilé, tó wú síta lókè. Irin pẹlẹbẹ méjì tó ní àwòrán bíi lẹ́tà S wà lára rẹ̀, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti fi ọ̀pá irin gba inú ilé kọjá láti di ògiri náà mú nígbà kan rí. Ayẹléwò náà kò sọ pé kò léwu, kò sì sọ pé ó léwu. Ó ṣàlàyé pé ohun tó yẹ kí a mọ̀ ni bóyá ògiri náà ti dúró tàbí ó ṣì ń rìn: bí etí ibi tó sán bá ti dọ̀tí tó sì ti kú, ó ti pẹ́, bí ó bá mọ́ tó sì mú, tuntun ni. Ó rí èyí tó ti pẹ́ àti ọ̀kan tí kò dá a lójú. Nítorí náà ó kọ ọ́ sínú ìwé pé kí a pe ẹnjiníà tó mọ̀ nípa ìdúró ilé kí a tó pààrọ̀ ìwé àdéhùn. A san owó mìíràn. Ẹnjiníà náà dé, ó gun òkè àjà, ó sì rí i pé ìdí igi òrùlé kan ti jẹrà níbi tó ti wọ inú ògiri, tó fi jẹ́ pé òrùlé ń ti ògiri síta níbẹ̀. Ó ṣeé tún ṣe, ó sì kọ bí wọn yóò ṣe tún un ṣe àti iye tó ṣeé ṣe kó jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fẹ́ kí ayẹléwò mọ ohun gbogbo fúnra rẹ̀, kí ó rántí pé èyí tó mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé ni ó yẹ kí a sanwó fún.

Àwọn ohun mìíràn wà tí n kò ní fi àkókò ṣòfò lé lórí: kòkòrò ajẹgi tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, wáyà iná tó yẹ kí a pààrọ̀, àti páànù asbestos lórí ilé ìkẹ́rùsí ẹ̀yìnkùlé. Ọdún 1999 ni Britain fòfin de asbestos pátápátá, nítorí náà kò ṣàjèjì láti bá a lára ohun tí wọ́n kọ́ ṣáájú ìgbà náà, bí kò bá sì fọ́, fífi í sílẹ̀ dára ju gígé e lọ.

Ìjọba ti kọ orúkọ ilé náà sínú ìwé àwọn ilé àjogúnbá, ní ipò Grade II. Òfin ọdún 1990 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni kí ẹnikẹ́ni ṣe àtúnṣe tó kan ìwà irú ilé bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ. Ayẹléwò wa ṣàkíyèsí pé fèrèsé méjì ní ẹ̀yìn ilé jẹ́ ti ike, ó sì ní kí agbẹjọ́rò béèrè ìwé àṣẹ wọn. Kò sí ìwé. Lóòótọ́, ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ni ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ lè pàṣẹ fún ẹni tó bá ni ilé náà lónìí pé kí ó dá a padà sí bó ṣe wà, kò sì sí iye ọdún tí yóò kọjá tí agbára yẹn yóò fi pin. Owó fèrèsé onígi méjì di ara ohun tí a bá olùtà sọ.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí àyẹ̀wò kò kàn pẹ̀lú. Ayẹléwò kì í ká kápẹ́ẹ̀tì, kì í sún kọ́bọ́ọ̀dù, kì í fọ́ ògiri, kì í sì í dán ẹ̀rọ iná tàbí páìpù wò. Ṣùgbọ́n tiwa mọ agbègbè náà, ó sì tọ́ka sí ohun mẹ́ta tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ihò àwọn awakùsà. Láti ayé àwọn ará Róòmù ni wọ́n ti ń wa òjé ní Derbyshire, ilé ẹjọ́ àwọn awakùsà òjé sì ṣì ń jókòó ní Wirksworth títí di òní. Agbẹjọ́rò wa ní láti béèrè fún ìwádìí kùsà òjé, nítorí pé ìwádìí ti èédú nìkan kò tó níbẹ̀. Èkejì ni afẹ́fẹ́ radon, tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tó ń ti inú ilẹ̀ olókùúta ẹfun jáde tó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Oṣù mẹ́ta ni ó yẹ kí a fi wọ̀n ọ́n nínú ilé, bí ó bá sì kọjá 200 becquerel (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára ìtànṣán rẹ̀) nínú mítà onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, àwọn aláṣẹ ìlera ní kí a dín in kù. Níwọ̀n bí oṣù mẹ́ta kò ti sí kí a tó rà á, àwọn agbẹjọ́rò gbà pé kí apá kan nínú owó wà lọ́wọ́ wọn títí èsì yóò fi dé. Ẹ̀kẹta ni sọ́káwéè. Láti oṣù kìíní ọdún 2020, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí omi sọ́káwéè máa ṣàn tààrà sínú odò mọ́, ilé tiwa àti ti aládùúgbò sì jọ ń lo ọ̀kan tí páìpù rẹ̀ dorí kọ odò kékeré.

Ìwé àyẹ̀wò náà gùn, ó sì kún fún nọ́ńbà 3, àmì tí wọ́n ń fi sí ohun tó nílò àtúnṣe ní kíákíá. Ìyàwó mi kà á lóru kan, ó sì sọ ní òwúrọ̀ pé kí a jáwọ́. Èmi pe ayẹléwò náà. Ìpè yẹn wà nínú owó tí a san, ó sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í pè. Mo bi í pé nínú gbogbo èyí, èwo ni kì bá jẹ́ kí ó ra ilé náà bí ó bá jẹ́ tirẹ̀, èwo ni kò lè dúró di ọdún tó ń bọ̀, èwo ni a lè máa ṣe díẹ̀díẹ̀. Ó ní kò sí ìkankan nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́. Òrùlé níbi ògiri ìpẹ̀kun, gọ́tà, wáyà iná àti sọ́káwéè ló wà nínú èkejì. Ìyókù lè dúró. Nígbà tí a ti pín in báyìí, ìyàwó mi tún un kà, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ sí ejẹ́ńtì, pẹ̀lú ojú ìwé ẹnjiníà àti iye owó àwọn oníṣẹ́ tí a so mọ́ ọn. A kò bẹ olùtà pé kí ó ṣàánú wa. A fi ohun tó wà lára ilé rẹ̀ hàn án, ó sì yọ kúrò nínú owó ilé ju ìlọ́po mẹ́wàá gbogbo ohun tí a ti san fún àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lọ.

Láti ìgbà tí a ti kó wọlé, ìwé náà ni a ń tẹ̀ lé. Gọ́tà ni a kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà òrùlé. A wa ilẹ̀ ìta sílẹ̀ títí ó fi kéré sí ti inú, a sì da òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí omi lè máa kọjá. Bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ ẹfun ń yọ sìmẹ́ńtì kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan, nítorí pé ẹfun tútù kò gbọdọ̀ bá yìnyín pàdé. Ògiri yàrá ìjókòó ti ń gbẹ, ṣùgbọ́n ògiri tó nípọn báyẹn kì í gbẹ kíákíá, a kò sì tíì fi ọ̀dà kan án. Ilé iṣẹ́ tó ń wo ọ̀rinrin sàn ṣì ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì náà.